Ìwọ̀n Orí Ọmọ Inú Gíláàsì

Ọmọ mi dáadáa,

Mo tún kí ọ kú ewu ọmọ, mo kí ọ kú ìjókòó, mo kí ọ kú ìrọ́jú. Ṣé ara rẹ ti ń padà bọ̀ sípò? Ṣé o ń jẹun, àbí omi tútù nìkan ni o ń mu bí o ṣe máa ń ṣe tí ọ̀rọ̀ bá ká ọ lára? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ń fá irùngbọ̀n rẹ̀? Ọ̀gá Kékeré inú àpótí gíláàsì ńkọ́, ṣé ó ń mí dáadáa lónìí? Olúwa tó mú un dé kò ní jẹ́ kó padà. Kí Ó máa bá yín ṣọ́ ọmọ náà, kí Ó ṣọ́ àwọn nọ́ọ̀sì pẹ̀lú kí oorun má gbé wọn lọ, kí iná mànàmáná má lọ, tó bá sì lọ, kí jẹnẹrétọ̀ tètè gbà á. Àmín. Bàbá rẹ ní kí n kọ ọ́ síbí pé òun náà ṣe àmín, àti pé òun ṣe é sókè ketekete.

Má bínú sí ìkọ̀wé mi o. Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò níléèwé, ohun tí mò ń kọ kò ju ìwọ̀n àwọn oníbàárà mi lọ, àyà iye báyìí, ìbàdí iye báyìí, lágbájá ti sanra sí i ṣùgbọ́n kò gbà. Tí o bá rí i tí mo ṣàdédé kọ gígùn apá sáàárín ọ̀rọ̀, fò ó kọjá. Bàbá rẹ bi mí pé kí ló dé tí n kò kàn pè ọ́ lórí fóònù, mo ní rárá, mo mọ ọmọ tí mo bí. Lórí fóònù, tí mo bá ti ń kan ibi tó ń dùn ọ́, wàá ní Màámi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, o ti pa á nìyẹn. Lẹ́tà ò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Tí o bá tilẹ̀ ká a kí o jù ú sísàlẹ̀ báàgì, ibẹ̀ náà ló máa jókòó sí de ọ́.

Gbogbo wa nílé wà dáadáa. Òjò ṣí páànù kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, bàbá rẹ sì ti kàn án padà. Ewúrẹ́ Tíṣà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa wọlé wá jẹ pépà tí mo fẹ́ fi gé aṣọ ìyàwó ọ̀gá ilé ìwé, ó jẹ apá méjèèjì pátápátá, àsìkò kò sì sí mọ́, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rán an láìlápá. O ò ní gbà gbọ́, àwọn mẹ́rin ti wá bá mi láti ìgbà náà pé aláìlápá làwọn náà ń fẹ́. Ìyá Mo-ti-gbọ́ tó ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀ọ́kán wa ń kí ọ. Kí n tó la ẹnu pé o ti bímọ, ó ti gbọ́. Kí n tó sọ pé ọmọ náà kò dúró kí oṣù rẹ̀ pé, ó ti gbọ́. Mo wá bi í pé kí ni dókítà máa sọ lọ́la, ó ní òun ò tíì gbọ́ ìyẹn.

Jẹ́ kí n sọ ti bàtà fún ọ, torí ọkọ rẹ lè ti sọ ọ́ lódì. Nígbà tó pè pé ọmọ náà wọn kílò kan àti díẹ̀, bàbá rẹ bi mí pé báwo ni kílò kan àti díẹ̀ ṣe máa ń rí lọ́wọ́. O mọ bàbá rẹ, bíríkìlà ni, ohun tí kò bá gbé wò kì í yé e. Ó fà mí lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Mo-ti-gbọ́ pé kí ó yá àwa ní òṣùwọ̀n. A gbé áyọ́ọ̀nù mi lé e, ó wúwo jù. A gbé sísọ́ọ̀sì ńlá lé e, kò tó. A gbé ṣúgà lé e, ó kù díẹ̀. Ni bàbá rẹ bá bẹ̀rẹ̀, ó tú okùn bàtà iṣẹ́ rẹ̀ ti ẹsẹ̀ òsì, ó gbé e lé e, abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n náà sì lọ dúró gbọnin síbi tí ọkọ rẹ pè gan-an. Ìyá Mo-ti-gbọ́ pariwo pé kí a gbé bàtà ẹlẹ́rẹ̀ kúrò lórí ohun tí òun fi ń wọn oúnjẹ aráyé. Bàbá rẹ kò tiẹ̀ gbọ́. Ó gbé bàtà náà mọ́ àyà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ìdí rẹ̀ ró, ó sì rìn wálé ní ẹsẹ̀ kan bàtà, ẹsẹ̀ kan lásán.

Láti ọjọ́ náà ni bàtà yẹn ti wà lórí tábìlì pálọ̀. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti fi òróró pa á, mi ò gbọdọ̀ gbé nǹkankan lé e. Tí ọkọ rẹ bá pè pé ọmọ ti fi ogún gíráàmù kún, bàbá rẹ á lọ wọn ìṣó ogún gíráàmù, á rọra dà á sínú rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ẹ ní ó fà sẹ́yìn díẹ̀, ó yọ ìṣó mẹ́ta, ó sì mú wọn lọ́wọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ṣùgbọ́n a ti dá mẹ́ta yẹn padà báyìí, a tún ti fi kún un. Àlejò kan wá kí wa lọ́jọ́ Sátidé, ó fẹ́ gbé bàtà náà sílẹ̀ kó lè rí àyè gbé fìlà rẹ̀ lé, bàbá rẹ dìde fùú, ó ní kí ó rọra, ọmọ ń sùn.

Èmi náà ò kàn káwọ́ gbera. Télọ̀ ni mí, mi ò lè ní ọmọ-ọmọ kí n má mọ ìwọ̀n rẹ̀. Nígbà tí fọ́tò rẹ̀ wọ orí fóònù mi, mo mú téèpù, mo wọ̀n ọ́n láti àtàrí dé gìgísẹ̀, sẹ̀ǹtímítà márùn-ún péré. Orí mi wú. Mo jókòó sórí àga, mo ní Olúwa, ọmọ wo ló kéré tó báyìí, ta ló máa ń rí i tí ó bá subú sínú bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́, mo gé aṣọ, mo rán ẹ̀wù tó bá ìwọ̀n náà mu, pẹ̀lú kọ́là. Ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ lórí kọ́là yẹn. Tíṣà wọlé, ó bi mí pé ta ló ni ẹ̀wù, mo ní ọmọ-ọmọ mi ni. Ó wò mí, ó wo ẹ̀wù, ó ní òun ń bọ̀, kò sì padà wá lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ọkọ rẹ fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sórí fóònù Tíṣà, èyí tó fẹ̀ bí abọ́ yẹn. Mo tún mú téèpù. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá! Láàárín ọjọ́ mẹ́ta! Hẹ̀ẹ́ẹ̀! Mo pariwo, mo fò sókè, mo sáré jáde láìwọ bàtà, mo lọ sọ fún Ìyá Mo-ti-gbọ́, kò sì tíì gbọ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tí a ti jọ ń gbé àdúgbò yìí. Ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó tẹ̀ lé mi wá. A kọrin, a jó, bàbá rẹ náà jó díẹ̀ nínú ṣílípáàsì. Ibi tí a ti ń dúpẹ́ ni Ìyá Mo-ti-gbọ́ ti fẹ́ rí imú ọmọ náà dáadáa, ó fi ìka méjì lé ojú fóònù, ó yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọmọ náà sì fẹ̀ lójú gbogbo wa títí imú rẹ̀ nìkan fi gba gbogbo fóònù. Orin dúró. Bàbá rẹ ní kí Ìyá Mo-ti-gbọ́ jọ̀ọ́, kí ó yé fi ọwọ́ kàn án, ó ti tó báyìí, kí awọ ọmọ má lọ fà ya.

Tíṣà ló wá jókòó tì wá tó ṣàlàyé pé fóònù ló tóbi, kì í ṣe ọmọ. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jáde lọ pọn omi. Ẹ̀wù kékeré náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo fi bọ ọrùn ìgò òróró máṣíìnì mi, ó sì bá a mu, kọ́là náà jókòó dáadáa.

Ọkọ rẹ tún fi fídíò ránṣẹ́, níbi tí tẹlifíṣọ̀n kékeré kan ti wà lókè orí ọmọ náà. Mo kọ́kọ́ bínú, mo ní ọmọ tí kò tíì mọ ìyá rẹ̀, kí ni ẹ fẹ́ kó máa wò. Ọkọ rẹ ní kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ mímí àti ọkàn rẹ̀ ni. Mo wá fara balẹ̀ wo ìlà tó ń sáré lórí rẹ̀, ó ń lọ sókè, ó ń já wálẹ̀, ó ń lọ sókè, ó ń já wálẹ̀, bí ìgbà tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ bá kọ́kọ́ jókòó sídìí máṣíìnì. Mo ní ta ló ń ran ìlà wíwọ́ báyìí, ẹ sọ fún un kó jẹ́ kó gún. Ọkọ rẹ fi igbe bọnu, ó ní ẹ jọ̀ọ́ Màámi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, tí ìlà yẹn bá gún, a gbé nìyẹn. Ọmọ mi, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń na ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lẹ́gba ẹnu nítorí pé ìlà wọn kò gún. Ní àràárọ̀ báyìí, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí mò ń bẹ Olúwa pé kí ìlà ọmọ-ọmọ mi máa wọ́ lọ.

Ti iná aláwọ̀ búlúù yẹn náà, ẹ ì bá tètè ṣàlàyé. Fọ́tò tí mo rí ni ọmọ tó wà ní ìhòòhò lábẹ́ iná búlúù, tó fi nǹkan dúdú bojú bíi gíláàsì àwọn ọ̀dọ́, ó na apá méjèèjì bí ẹni tó ń gbádùn ara rẹ̀. Mo ní ọmọ ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ti gbé e lọ síbi ijó. Ó jọ pé ara àti ẹyinjú rẹ̀ ló pọ́n bí ti ẹni tí ibà pọ́njú mú, iná náà ló sì ń fọ̀ ọ́, gẹ́gẹ́ bí ọkọ rẹ ṣe wí. Ó yé mi báyìí. Ohun tí kò tíì yé mi ni bí iná ṣe ń fọ nǹkan láìsí ọṣẹ, ṣùgbọ́n mo ti fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tó kàwé.

Mo gbọ́ pé ò ń fún ọmú sínú ìgò kékeré, pé wọ́n ń gbé e sínú fíríìjì, wọ́n sì ń fi rọ́bà tín-ín-rín gba ihò imú rẹ̀ fún un. O ṣeun, ọmọ mi. Iṣẹ́ ìyá ni ò ń ṣe yẹn, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé o ò ṣe nǹkankan. Àmọ́ fíríìjì tí gbogbo èèyàn ń lò, mi ò fọkàn tán an. Ọkọ rẹ ní wọ́n kọ orúkọ sára ìgò, mo ní kò tó, orúkọ ń parẹ́. Mo fi òwú pupa sínú báàgì tí mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí, máa so ó mọ́ ọrùn ìgò tìrẹ kọ̀ọ̀kan. So kókó méjì.

Ó yẹ kí n ti wà lọ́dọ̀ rẹ. Mo ti di ẹrù mi tán kí ọkọ rẹ tó sọ pé bàbá àti ìyá ọmọ nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó wọ yàrá náà báyìí. Èmi tí mo bí ẹni tó bí i, àlejò ni mí! Mo tú ẹrù náà pẹ̀lú ìbínú. Mo sọ fún ọkọ rẹ kí ó fún mi ní ọ̀gá wọn níbẹ̀, mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó sì gbé fóònù fún nọ́ọ̀sì àgbà.

Obìnrin náà ní ohùn tútù, mo ti ṣe tán láti bá a jà, mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ọmọ mi. Ó ní Màmá, ọmọ-ọmọ yín ń gbìyànjú gan-an. Ó ní ó ti tó àsìkò tí ìyá rẹ̀ máa ṣí àyà sílẹ̀, kí wọ́n gbé e lé e láìsí aṣọ láàárín àwọn méjèèjì, kó wà níbẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ lójoojúmọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ tí ẹ tò síbẹ̀, àyà náà lẹ tún padà wá bá? Ó rẹ́rìn-ín náà, ó ní ẹ̀rọ ń ṣe tirẹ̀, àyà ìyá ń ṣe tirẹ̀, pé ọmọ tó bá wà láyà, mímí rẹ̀ á máa lọ déédéé, ara rẹ̀ á móoru, wàrà ìyá rẹ̀ náà á sì máa sun sí i. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ ṣòfófó, ṣùgbọ́n ọjọ́ mọ́kàndínlógún rèé, o ò tíì fi ìka kan kàn án.

Mo bi ọkọ rẹ, kò fẹ́ sọ, mo fi ọ̀rọ̀ gún un títí ó fi sọ. Ó ní o máa ń jókòó ti àpótí gíláàsì náà láti àárọ̀, o máa ń ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan rẹ. Nọ́ọ̀sì á ṣí fèrèsé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà fún ọ, wàá ní ó di ọ̀la. Wàá ní ọwọ́ rẹ tutù, pé wàá kó òtútù ràn án.

Ọmọ mi, ibí ni mo ti gbé bírò sílẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan kí n tó tún mú un. Ìdí lẹ́tà yìí gan-an nìyí, gbogbo ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ àti fóònù, mo kàn ń yí i ká ni.

Ṣé o rántí pé ọkọ rẹ pè mí níbẹ̀rẹ̀, pé fọ́ọ̀mù kan wà tí dókítà fẹ́ kí ẹ kọ, tó ń bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ti bí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé rí? Mo ní kó kọ rárá. Mo sọ ọ́ kíákíá, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́. Ohun méjì ló ń bà mí lẹ́rù. Mo rò pé wọ́n máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri bíi èsì ìdánwò kí gbogbo èèyàn máa kà á. Mo tún rò pé tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, tí wọ́n bá mọ ẹni náà, wọ́n á ní kí wọ́n gbé ìwọ náà sínú àpótí kí oṣù méjì tí o jẹ sílẹ̀ lè pé. Tíṣà ti sọ fún mi pé àpótí náà kò lè gba àgbàlagbà. Sọ fún ọkọ rẹ kó lọ pa á rẹ́. Kó kọ bẹ́ẹ̀ ni.

Ìwọ ni. Oṣù méje ni mo bí ọ. Kò sí àpótí gíláàsì, kò sí iná búlúù, agbẹ̀bí kan péré ló wà, ó wé ọ, ó gbé ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní kí a má jẹ́ kí òtútù mú ọ, ó sì gbé báàgì rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò fi ọwọ́ kàn ọ́. Mo kọjú sógiri. Mo sọ fún gbogbo ẹni tó wọlé pé abẹ́rẹ́ ti jẹ ìka mi, pé ó ti le jù, ó máa ha ọ́ lára. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo rò pé tí mo bá gbé ọ, tí o bá wá lọ, ọwọ́ yẹn náà ni màá ṣì máa fi ránṣọ, màá máa rí i lójoojúmọ́.

Bàbá rẹ ni kò bá mi jiyàn. Kò lọ síbi iṣẹ́. Ó tú bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi ọ́ sínú, orí rẹ ní ibi ọkàn rẹ̀, ó fi bẹ́líìtì di ìsàlẹ̀ kí o má yọ̀ bọ́, ó sì jókòó sórí àga kan náà láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Wàrà tí mo bá fún sínú ife, òun ló ń fi ṣíbí kán an sí ọ lẹ́nu. Àwọn bíríkìlà ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀, wọ́n ní ẹ wo ikùn, oyún rẹ̀ ti di oṣù mélòó. Ó dá wọn lóhùn pé oṣù méje, ó ku méjì. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó wá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì mi, ó tú bọ́tìnì méjì. Orí rẹ yọ síta, o sín. Bí o ṣe sín báyìí, ni mo bá na ọwọ́. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún ọwọ́ náà. Láti ìgbà náà ni a ti jọ ń gbà ọ́ lọ́wọ́ ara wa títí o fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ilé fi ń bẹ̀ wá.

Mi ò sọ fún ọ rí torí ojú ń tì mí. Kì í ṣe torí oṣù méje, ọmọ mi. Torí ọjọ́ mẹ́rin yẹn ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká nu ojú. Ohun tí mo fẹ́ tọrọ rèé. Bí o bá rí owó díẹ̀, ra bàtà iṣẹ́ tuntun fún bàbá rẹ. Ṣílípáàsì ni ó wọ̀ lọ sí sáìtì, ọ̀gá wọn lé e wálé pé bíríkì máa já lu ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní kó lọ wọ bàtà rẹ̀. Bàbá rẹ ní òun ò lè wọ̀ ọ́, èèyàn ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti ń wò ó bákan níbẹ̀. Ra èyí tí kò wúwo, kí ó má baà tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọn nǹkan.

Ìkejì ló ṣe pàtàkì jù. Nọ́ọ̀sì àgbà sọ fún mi pé fìlà tó wà lórí ọmọ náà tóbi jù, pé ó ń yọ́ wálẹ̀ bo imú rẹ̀, pé orí ni òtútù ti ń wọ ara irú wọn jù. Fìlà nìyẹn! Ọmọ télọ̀ ni ọ́, ọmọ rẹ kò gbọdọ̀ máa fi fìlà bo imú. Mo máa rán an. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbẹ́kẹ̀ lé fóònù mọ́ láyé mi, mi ò sì ní gba ìwọ̀n lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ tutù tó. Wo ìsàlẹ̀ báàgì, mo gé téèpù mi sí méjì fún ọ, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti oókan ni mo fi síbẹ̀. Fọ ọwọ́ rẹ, jẹ́ kí nọ́ọ̀sì fọ téèpù náà bí wọ́n ṣe ń fọ nǹkan wọn. Ki ọwọ́ bọ fèrèsé kékeré yẹn. Gba òkè ìpéǹpéjú, gba ẹ̀yìn etí, pàdé rẹ̀ níwájú, má fà á le. Tí o bá wọ̀n ọ́n tán, má tètè yọ ọwọ́. Tún un wọ̀n. Télọ̀ tó bá mọṣẹ́ kì í wọn nǹkan lẹ́ẹ̀kan.

Aṣọ tí mo máa fi rán an ti wà nílẹ̀. O mọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé tó ti ṣá yẹn, tí mo ti ń bẹ bàbá rẹ láti ọdún pípẹ́ pé kó jẹ́ kí n fi ṣe àkísà tí màá fi nu máṣíìnì, tó ń gbé e pamọ́ kiri. Mi ò mọ ìdí rẹ̀. Mo kàn rò pé ahun ni. Lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì pa fóònù, ó wọ yàrá lọ, ó gbé e jáde, ó ti fọ̀ ọ́, ó tẹ́ ẹ sórí máṣíìnì mi, ó fi ìka tọ́ka sí igbá-àyà rẹ̀, ó ní ibí ni kí n ti gé e. Ibi tí orí rẹ wà ni. Sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ mi, ó sì jókòó tì mí, ó ní mi ò gbọdọ̀ fi kàn án àyàfi tí ìwọ̀n bá dé láti ọwọ́ rẹ. Aṣọ náà ṣì wà lórí máṣíìnì, mi ò lè rán ti ẹnikẹ́ni. Àwọn aláìlápá ń bínú.

Olúwa yóò sọ kílò kan di méjì, yóò sọ méjì di èyí tí apá máa ń ro èèyàn láti gbé. Ọmọ náà yóò jáde kúrò nínú gíláàsì, yóò fọ́ gíláàsì tirẹ̀ nílé, wàá sì bá a wí. Yóò pariwo bí ìwọ náà ṣe pariwo. Ìlà rẹ̀ kò ní gún o. Àmín, àmín, àmín. Bàbá rẹ náà tún ti ṣe é.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ń dúró de ìwọ̀n.

Mo ti fẹ́ lẹ àpòòwé kí bàbá rẹ tó ní kí n dúró, ó ní òun fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ó ní kí n sọ fún ọ pé ọwọ́ rẹ kò tutù. Ó ní òun lòun kọ́kọ́ dì í mú, kò tó èékánná àtàǹpàkò òun nígbà náà, ó sì móoru.